Àbàwọ́n Tó Ti Agbabu Wá

Àbàwọ́n ni Moyọ̀sọ́lá kọ́kọ́ rí, kí ó tó rí ẹni tó wọ ṣòkòtò tí àbàwọ́n náà wà. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nítòsí gáréèjì Ọ̀rẹ̀, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ ya ewé sára káàdì ọjọ́ ìbí kan, nígbà tí ẹsẹ̀ ọkùnrin kan kọjá níwájú rẹ̀. Ṣòkòtò funfun ni, ó mọ́ tónítóní, àfi nísàlẹ̀ lẹ́bàá ọrùn ẹsẹ̀, níbi tí nǹkan kan ti ta sí i. Kì í ṣe ẹrẹ̀. Kì í sì í ṣe ọ́ìlì mọ́tò, nítorí ọmọ tó dàgbà sí Ọ̀rẹ̀ mọ ọ́ìlì mọ́tò bí ẹní mowó. Àárín rẹ̀ dúdú, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ti rìn wọ inú aṣọ lọ, ó ti di àwọ̀ kòkó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sá gbẹ.

Ẹlòmíràn ì bá kọ́kọ́ kí ènìyàn ná. Ti Moyọ̀sọ́lá kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ojú rẹ̀ bá ti bá àwọ̀ tí kò rí rí pàdé, ìkíni a fò lọ lẹ́nu rẹ̀. Ó sọ búrọ́ọ̀ṣì sínú ife omi, ó dìde.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dúró. Kí ló ta sí yín láṣọ yẹn?”

Ọkùnrin náà dúró, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ni ín. Látífàt, tó ń sun bọ̀ọ̀lì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù náà, dáwọ́ iná fífẹ́ dúró, nítorí ó mọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ dáadáa.

“Bítúmẹ̀nì ni,” ni ọkùnrin náà wí. “Agbabu ni mo ti ń bọ̀.”

Kí ó tó parí ọ̀rọ̀, Moyọ̀sọ́lá ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wo etí ṣòkòtò náà bí ìyá tó ń wo ehín ọmọ. Ó ń béèrè bóyá ó máa ń yọ́ nínú omi, bóyá ó ń rùn, bóyá àwọ̀ rẹ̀ máa ń ṣá bí wọ́n bá fọ̀ ọ́. Ọkùnrin náà dáhùn ibi tó mọ̀. Ó ní Ọlọ́runṣògo ni orúkọ òun, kòkó àti ọ̀pẹ lòun ń gbìn, òun sì ń lọ gbé ìyá òun nílé àdúrà ní Òdìgbó ni. Ó ní kí wọ́n tó bí òun ni wọ́n ti ń wí pé bítúmẹ̀nì, ọ̀dà dúdú tó ń sun jáde nínú ilẹ̀ wọn, yóò sọ Agbabu di ìlú ńlá, ṣùgbọ́n títí di òní, aṣọ nìkan ni òun rí tó ń bà jẹ́. Bó ti ń sọ̀rọ̀ ló rí ọ̀dà búlúù kan tó gbẹ sí ọmọbìnrin náà létí.

“Àbàwọ́n wà lára ẹ̀yin náà,” ó ní, ó fọwọ́ kan etí ara rẹ̀ láti fi ibẹ̀ hàn án.

Etí kejì ni Moyọ̀sọ́lá nù. Látífàt rẹ́rìn-ín títí èéfín fi há a lọ́fun.

Iṣẹ́ Moyọ̀sọ́lá kì í ṣe iṣẹ́ tí ojú gbogbo èèyàn là sí ní Ọ̀rẹ̀. Káàdì ló ń fi ọwọ́ ṣe, àti ìwé ìrántí, irú èyí tí wọ́n ń lẹ fọ́tò mọ́ pẹ̀lú oríṣiríṣi nǹkan tó jẹ mọ́ ẹni tó ni ín. Ọ̀dà olómi ló ń lò. Á kọ́kọ́ fi omi lásán pa bébà lójú, á wá kán ọ̀dà sí i, á sì jókòó tì í, kó máa wo ibi tí àwọ̀ náà máa rìn dé. Nígbà mìíràn, á wọ́n iyọ̀ lé e kó tó gbẹ, kó lè mọ ohun tí iyọ̀ máa fi ọ̀dà ṣe. Lẹ́yìn náà ni á lẹ àjákù léèsì, òwú, èèpo igi àti ewé gbígbẹ mọ́ ọn. Bàbá rẹ̀, tó ń gbin ẹ̀gẹ́ ní Omifunfun, kò yé béèrè ìgbà tí yóò fi eré ọmọdé sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gba káàdì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kì í sọ ọ́ nù, Moyọ̀sọ́lá sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ náà kò parí tí Ọlọ́runṣògo fi padà wá. Agolo mílíìkì kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ewé bo ẹnu rẹ̀. Ó ní òun ń kọjá lọ ni. Látífàt bi í pé níbo ló ń kọjá lọ, ó na agolo bítúmẹ̀nì náà sí Moyọ̀sọ́lá.

Moyọ̀sọ́lá fi kẹrosíìnì díẹ̀ po bítúmẹ̀nì náà, ó fi ògbólógbòó búrọ́ọ̀ṣì fà á sára bébà. Àwọ̀ náà jìn láàárín, ó sì mọ́ létí bí omi tíì. Ó ti pẹ́ tó ti ń wá àwọ̀ ilẹ̀ tó dà bí ilẹ̀ lóòótọ́, kò sì tíì rí i rà lọ́jà kankan. Ó wo bébà, ó wo ọkùnrin náà, inú rẹ̀ dùn débi pé kò mọ èwo nínú àwọn méjèèjì ló ń dùn mọ́ òun.

Báyìí ni eré kan ṣe bẹ̀rẹ̀ láàárín wọn. Ìgbàkígbà tí Ọlọ́runṣògo bá wá sí Ọ̀rẹ̀, á di ọwọ́ rẹ̀ kan mú, á ní kí Moyọ̀sọ́lá sọ àwọ̀ tí ohun tó wà níbẹ̀ máa fi sára bébà. Ọ̀dọ́ ewé tíìkì ló kọ́kọ́ mú wá. Gbogbo ọmọ tó bá gba abẹ́ igi tíìkì lọ sílé ìwé ló mọ̀ pé bí wọ́n bá fọwọ́ ra á, ọwọ́ á pọ́n, ìyẹn kò ṣòro fún un. Ó mú amọ̀ etí odò wá. Ó mú eérú èèpo kòkó wá, ó mú ìtànná igi kan wá tó jẹ́ pupa lójú, ṣùgbọ́n tó di àlùkò nígbà tí omi kàn án, ìyẹn sì kó ìyàlẹ́nu bá àwọn méjèèjì. Nígbà tí òjò fi máa dá, wọn kò pe ara wọn ní “ẹ” mọ́. Ọlọ́runṣògo ti di Ṣògo, Moyọ̀sọ́lá ti di Moyọ̀, Látífàt sì ti ń ya bọ̀ọ̀lì tó tóbi jù sọ́tọ̀ fún ẹni tó ń kọjá lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Ṣògo tún na ọwọ́ dídì sí i.

“Kí lèyí máa fi sára bébà?”

Moyọ̀sọ́lá gbọ́ òórùn ọwọ́ náà, ó mì í lẹ́bàá etí, ó ní òun kò mọ̀. Ṣògo la ọwọ́, kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

“Òfìfo ni,” ni Moyọ̀sọ́lá wí.

“Ọwọ́ mi wà níbẹ̀. Òun nìkan ló kù tí mi ò tíì mú wá fún ọ.”

Àyà ọmọbìnrin náà lù, kò sì purọ́ fún ara rẹ̀ nípa ìdí tó fi lù. Ó po osùn mọ́ omi nínú àwo kékeré, ó fi búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ jù nínú èyí tó ní kun àtẹ́lẹwọ́ Ṣògo, ó ń tẹ̀lé ilà kọ̀ọ̀kan. Ó ń rin Ṣògo, ọkùnrin náà sì ń pa ẹ̀rín mọ́ra. Nígbà tó kùn ún tán, Moyọ̀sọ́lá gbé e lé bébà tó dára jù, ó fi ọwọ́ tirẹ̀ tẹ̀ ẹ́ láti òkè, ó sì pẹ́ kó tó gbé e kúrò.

“Ó ti tẹ̀ mí lọ́wọ́,” ó ní. “Mi ò ní dá a padà.”

Ká ní ọwọ́ ẹni méjì nìkan ló wà nínú ìgbéyàwó, ọ̀rọ̀ ì bá ti parí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá Ṣògo wà láyé. Màmá Lydia ni wọ́n ń pè é, opó ni, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìyá ìjọ nílé àdúrà aláṣọ funfun kan ní Òdìgbó. Kì í gbé ẹsẹ̀ kankan láìgbàdúrà sí i. Ó ti gbọ́ pé ọmọ òun ń lọ bá ọmọbìnrin kan tó ń fi ọ̀dà ṣeré ní gáréèjì, ó sì ti wí lójú rẹ̀ pé gáréèjì kọ́ ni wọ́n ti ń mú ìyàwó wálé. Síbẹ̀ kì í ṣe ẹni tó ń dájọ́ ohun tí kò rí. Ó fẹ́ ṣe ìdúpẹ́ ìrántí fún ọkọ rẹ̀ kí òjò tuntun tó bẹ̀rẹ̀, Ṣògo sì bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí Moyọ̀sọ́lá ṣe ìwé ìrántí bàbá òun.

“Ọwọ́ ènìyàn kì í purọ́,” ni Màmá Lydia dáhùn. “Jẹ́ kí n rí ọwọ́ rẹ̀ ná.”

Ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí kò fara sin. Bí ìwé náà bá wọ̀ ọ́ lójú, yóò mú ọmọbìnrin náà lọ síwájú pẹpẹ, yóò sì pè é ní ọmọ. Bí kò bá wọ̀ ọ́ lójú, ẹnu rẹ̀ kò ní gbà á láéláé, Ṣògo kì í sì í ṣe ọmọ tó lè gbéyàwó kí ìyá rẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí i.

Moyọ̀sọ́lá kò ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ó fi ọ̀dà olómi ya odò Agbabu láàárọ̀, ó gé àjákù láti ara fìlà olóògbé, ó rán an mọ́ ojú ìwé pẹ̀lú òwú. Ó lẹ fọ́tò rẹ̀ mọ́ àárín ewé kòkó gbígbẹ. Ó ku ẹ̀yìn ìwé. Ṣògo ti sọ fún un pé ilẹ̀ tó ní bítúmẹ̀nì ni bàbá òun fi gbogbo ayé rẹ̀ ro. Kí ló tún yẹ ẹ́ ju kí wọ́n fi ilẹ̀ rẹ̀ gan-an kun ìwé rẹ̀? Ó fi bítúmẹ̀nì náà kun ẹ̀yìn ìwé tìnrín-tìnrín. Ọyẹ́ ń fẹ́ nígbà náà, àwọ̀ náà gan pa, ó ń dán. Ó fi ìka tẹ̀ ẹ́, kò lẹ̀ mọ́ ọn. Nígbà tí Ṣògo rí i, ó wò ó bí ẹni tó fẹ́ rántí nǹkan, lẹ́yìn náà ló ní ó dára.

Ọyẹ́ lọ, ooru dé. Ọjọ́ ìdúpẹ́ náà, oòrùn mú débi pé páànù ilé àdúrà ń dún lókè orí wọn. Moyọ̀sọ́lá jókòó lẹ́yìn pátápátá, ó bọ́ bàtà bí gbogbo wọn. Màmá Lydia wà níwájú nínú sùtánà funfun gbòò, ó gbá ìwé náà mọ́ àyà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ó ti wò ó láàárọ̀, ojú rẹ̀ sì ti rọ̀. Ó fọwọ́ ra fìlà náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun fúnra òun gbé e lọ síwájú pẹpẹ. Àdúrà gùn, orin gùn. Nígbà tó wá di àkókò láti gbé ìwé náà sókè, kò tètè ṣí kúrò láyà rẹ̀. Ó fà á, ó sì já. Dúdú ńlá kan wà láyà sùtánà náà, ní ọ̀gangan ọkàn, ó sì ń rìn lọ díẹ̀díẹ̀.

Orin dá. Ẹnìkan pe Jésù. Wòlíì Elisha, olórí ìjọ, kì í ṣe èèyàn búburú, ṣùgbọ́n òun náà kò rí irú rẹ̀ rí, ó ní kí ìjọ gbé ọ̀rọ̀ náà sínú àdúrà. Àwọn tó wà lórí ìjókòó kò dúró de àdúrà ní tiwọn. Wọ́n ń sọ ọ́ sétí ara wọn pé dúdú lórí funfun, níwájú pẹpẹ, láti ọwọ́ ọmọbìnrin tí wọ́n fẹ́ mú wálé, àmì wo ni wọ́n tún ń wá? Màmá Lydia kò sọ ohunkóhun. Ó gbé ìwé náà lé orí àga, ó jáde, ó lọ sílé.

Ìtìjú ọ̀rọ̀ náà ni pé ohun àkọ́kọ́ tó wá sọ́kàn Moyọ̀sọ́lá ni bí etí àbàwọ́n náà ṣe ń di àwọ̀ kòkó. Lẹ́yìn náà ló sunkún.

Ṣògo bá a lábẹ́ igi ìta. Moyọ̀sọ́lá bi í bóyá ó mọ̀ pé bítúmẹ̀nì máa ń yọ́ nínú ooru. Ṣògo kò gbójú sókè. Ó ní lójú oòrùn, ó máa ń yọ́ nílẹ̀ l'Agbabu, wọ́n á máa yẹra fún un bí wọ́n bá ń kọjá. Ọ̀rọ̀ náà sì wá sí òun lọ́kàn lọ́jọ́ tóun rí ìwé náà.

“Kí ló dé tó ò sọ?”

“Inú mi dùn jù pé ohun tí mo mú wá lo lò.”

Inú bí Moyọ̀sọ́lá, ó sì tún fẹ́ràn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn ló wá dùn ún jù. Ó ní kó má wá sí ṣọ́ọ̀bù òun títí òun yóò fi rí ìyá rẹ̀ lójúkojú. Ṣògo ní ìyá òun kì í gba àlejò bí ọkàn rẹ̀ bá dàrú. Moyọ̀sọ́lá ní òun ti gbọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gun ọ̀kadà lọ sí Agbabu. Ó gbé ọṣẹ ìyẹ̀fun dání àti oògùn tí wọ́n fi ń sọ aṣọ di funfun. Ó bá Màmá Lydia lẹ́yìn ilé, sùtánà náà wà nínú bàsíà gbígbẹ níwájú rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó kí i, kò rí ìdáhùn ju “ẹn” lọ. Ó bẹ̀bẹ̀. Ó ní òun kò mọ̀ ni, ó ní kí wọ́n jọ̀wọ́ jẹ́ kí òun fọ aṣọ náà. Màmá Lydia ń wo ọ̀nà oko. Moyọ̀sọ́lá wá gbé garawa omi, ó fẹ́ dà á sínú bàsíà.

“Má fi omi kàn án!”

Èdè Ìkálẹ̀ ló fi jáde lẹ́nu rẹ̀, ó sì le. Màmá Lydia fúnra rẹ̀ dìde, ó wọlé, ó gbé ìgò àdín jáde. Ó ní omi á kàn tì í wọ inú aṣọ ni, oògùn funfun yẹn á sì jẹ aṣọ kó tó jẹ ẹ́. Ó da àdín sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi ń ra àbàwọ́n náà jẹ́jẹ́, láti etí wá sí àárín. Moyọ̀sọ́lá sún mọ́ ọn. Ó ń wo bí dúdú náà ṣe ń tú, tó ń di ṣíṣàn, tó ń bá àdín lọ. Ó bi í bóyá epo pupa náà lè ṣe é. Màmá Lydia ní ó lè ṣe é, ṣùgbọ́n ta ni yóò wá fọ epo pupa kúrò lára funfun? Ó gbé apá kan aṣọ náà fún un, àwọn méjèèjì sì ń ra á.

Wọ́n ti ń ra á lọ tipẹ́ kí Moyọ̀sọ́lá tó béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì béèrè. Gbogbo ìjọ ló ti sọ ohun tí àbàwọ́n náà túmọ̀ sí, ṣùgbọ́n obìnrin tó ta sí láyà, kò sẹ́ni tó bi í.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, báwo ló ṣe rí lára yín nígbà tó ń yọ́ yẹn?”

Ọwọ́ Màmá Lydia dúró nínú àdín.

“Ó gbóná,” ó ní. “Òórùn rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Kò sí aṣọ tí Bàbá Ṣògo wọ̀ tí nǹkan yìí kì í ta sí. Bó bá ti ń wọlé láti oko, òórùn rẹ̀ ni n ó fi mọ̀ pé ó dé. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e sin, n kò gbọ́ ọ mọ́. Mo wá ń gbàdúrà lánàá, ó sì dé, ó dúró tì mí. Wọ́n rò pé inú ló bí mi. Bí mo bá la ẹnu mi níbẹ̀, ẹkún ni yóò jáde.”

Omijé bọ́ lójú rẹ̀, kò sì lè nù ún nítorí àdín. Moyọ̀sọ́lá fi etí aṣọ tirẹ̀ nù ún fún un, òun náà sì ń sunkún. Wọn kò yọ ara wọn lẹ́nu láti dákẹ́.

Nígbà tó yá, Màmá Lydia fa imú, ó mú ọṣẹ dúdú, ó ní kó wo ọwọ́ òun dáadáa, nítorí òun kò ní tún un ṣe.

“Ẹni tó bá máa fẹ́ ọmọ Agbabu, ó gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́.”

Moyọ̀sọ́lá gbọ́. Ó rọra gbé ọ̀rọ̀ náà mì, kò fi ohùn kankan sí i, kó má baà bà á jẹ́. Ó kàn ń wo ọwọ́ náà bó ti ní kó wò ó.

Lẹ́yìn ọṣẹ dúdú ni omi tó wá. Àbàwọ́n náà lọ púpọ̀, ṣùgbọ́n kò lọ tán. Àwọ̀ kòkó kan tó ṣá kù síbẹ̀ bí òjìji. Màmá Lydia tẹ́ ẹ sójú oòrùn, ó ní ó tó bẹ́ẹ̀, ó ní bó ṣe máa ń kù sára aṣọ ọkọ òun náà nìyẹn. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, sùtánà náà lòun yóò wọ̀ lọ. Òun tí wọ́n fi àmì hàn, òun ni yóò sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún Wòlíì Elisha, Wòlíì yóò sì gbọ́, nítorí ọmọ gidi ni.

Ó yí padà, ó rí Moyọ̀sọ́lá lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́bàá bàsíà. Ọmọbìnrin náà ti yọ bébà kan nínú báàgì, ó ń rọra tẹ̀ ẹ́ sínú ìdọ̀tí omi náà. Ó gbé e sókè. Etí bébà náà ti gba àwọ̀ ilẹ̀, ó fẹ́lẹ́, ó mọ́. Àdín ti gba agbára lọ́wọ́ bítúmẹ̀nì, kò ní lẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni láyà mọ́. Màmá Lydia bi í pé kí ló fẹ́ fi ìyẹn ṣe.

“Káàdì ìgbéyàwó ni, mà,” ni Moyọ̀sọ́lá wí, ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. “Bí ẹ bá gbà.”

Màmá Lydia gba bébà náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. Lẹ́yìn náà ló tẹ́ ẹ lé orí àpótí, ó la ọwọ́ rẹ̀ tí àdín àti bítúmẹ̀nì ṣì wà, ó sì fi gbogbo àtẹ́lẹwọ́ náà tẹ̀ ẹ́ láàárín. Moyọ̀sọ́lá rántí bébà kejì tó wà nílé, èyí tí ọwọ́ pupa wà lára rẹ̀. Ó mọ ibi tí yóò lẹ àwọn méjèèjì sí.

Bẹ́ẹ̀ ni Ṣògo ti oko dé, tó dúró sẹ́yìn ilé pẹ̀lú àdá lọ́wọ́, tí kò mọ̀ bóyá kí òun sún mọ́ wọn tàbí kí òun sá. Ó wo bàsíà, ó wo ojú tó ti pọ́n, ó wo apá wọn tó dúdú dé ìgbọ̀nwọ́. Ó la ẹnu láti bẹ̀bẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò fún un láyè.

“Gbé garawa yẹn, kó o lọ bu omi wá,” ó ní. “Ìyàwó rẹ fẹ́ ṣan ọwọ́.”

Ṣògo gbé garawa. Ó ti rìn dé ìdí kànga kó tó rántí pé àdá ṣì wà lọ́wọ́ òun.